Kẹ́ẹ̀gì Kẹrin Nínú Bùútù

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi sin. Lọ́jọ́ náà, lójú ọ̀nà Ayétòrò sí Ìmẹ̀kọ, lójú ìyàwó mi àti lójú ìyá tó bí i, ni èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà di ẹni tí wọ́n fura sí pé ó ń ṣe fàyàwọ́. Wọn ìbá fura sí mi kí ó mọ síbẹ̀, ì bá sàn. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó fura sí mi mọ ọkọ̀ mi jù mí lọ.

Bàbá mi ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún mi nígbà tó kú. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ni. Ó ti dàgbà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí láti inú, àmọ́ títí di òní, bí oòrùn bá mú àga iwájú, òórùn ìpara tí bàbá mi fi ń ra orúnkún rẹ̀ á tún jáde. Nígbà ayé rẹ̀, lítà epo kan máa ń gbé ọkọ̀ yẹn rin kìlómítà méjìlá. Mo mọ̀ nítorí pé èmi ni mo ń ṣírò rẹ̀. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama nílùú Ìlaròó, nǹkan tí mi ò bá sì lè wọ̀n kì í jẹ́ kí n sùn. Mo ní ìwé kan nínú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀, ibẹ̀ ni mo ń kọ gbogbo nǹkan sí: iye lítà tí mo rà, iye kìlómítà tí mo rìn, ọjọ́ tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì, àti gbogbo ohun tí mo bá tún ṣe. Èmi fúnra mi ni mo máa ń tún un ṣe. Mi ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kankan o. Inú fídíò orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tán.

Iṣẹ́ ńlá tó fún mi nígboyà ni ti búrẹ́kì ọwọ́. Ọkọ̀ náà dúró sórí ilẹ̀ tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé wa, ó sì rọra fi ẹ̀yìn yí lọ, ó lọ jókòó sáàárín òdòdó ọ̀gá ilé-ìwé níṣojú gbogbo ọmọ kíláàsì kejì. Búrẹ́kì ọwọ́ ló ti rọ̀. Ẹlòmíràn á gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Èmi ra àpótí irinṣẹ́ tuntun, oríṣi irinṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, mo wo fídíò kan lẹ́ẹ̀mejì, mo sì yí búrẹ́kì náà le fúnra mi. Láti ọjọ́ náà, ẹ báà gbé ọkọ̀ yẹn sórí òrùlé, kò ní yí. Mo wá gbà pé kò sí àìsàn ọkọ̀ tí mi ò lè wò.

Àfi bí epo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tán.

Kìlómítà méjìlá di mẹ́sàn-án lórí lítà kan. Mo ní bóyá mi ò ka nọ́ńbà dáadáa. Mẹ́sàn-án di méje. Ní ayé ìsinsìnyí tí bẹntiróòlù wọ́n bí ojú! Ọmọbìnrin tó ń ta epo nílé epo ìtòsí wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀sín. “Tíṣà, ẹ tún ti dé? Àbí ẹ̀ ń fi rọ́bà fà á jáde lọ tà lódìkejì?” Ẹ̀rín ló fi ṣe, àmọ́ lágbègbè tiwa, tí ibodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò jìnnà, ẹni tó bá ń ra epo lemọ́lemọ́ kì í fi ẹ̀rín lásán bọ́. Ẹni méjì tó wà lórí ìlà yí ojú wò mí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ wo bùútù mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Mo kọ́kọ́ pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò kàn dì wọ́n mọ́ ọn bí àwọn ará ibí ti ń ṣe, mo fi irin pẹlẹbẹ kan tó tín-ín-rín bí èékánná wọn àlàfo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kìlómítà méje. Mo yọ àsẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Fídíò ní kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́. Ẹni tó ṣe fídíò yẹn kò sọ fún mi pé oríṣi méjì ló wà, pé bébà ni tèmi. Nígbà tí mo fi máa fún omi ara rẹ̀, ó ti di ẹ̀kọ tútù lọ́wọ́ mi. Mo ra tuntun. Kìlómítà méje. Mo gbọ́ pé táyà tó bá rọ̀ ń jẹ epo, mo ní kí onítáyà fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le bí òkúta. Ọkọ̀ wá ń fò bí ẹyẹ ọ̀kín lórí gbogbo kòtò tó wà láàárín ilé wa àti ọjà, ìyàwó mi fi orí gbá òrùlé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kìlómítà méje àti díẹ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nítorí “díẹ̀” yẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, “díẹ̀” ti bá tirẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì kan wà ní ìkángun àdúgbò wa, Ẹ̀gbọ́n Múfú, tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí n tó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo ń làágùn, ó rọra wá dúró tì mí.

“Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n fi jáàkì gbé e sókè, kí n fọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹnu la fi ń mu nǹkan, a kì í fi ẹsẹ̀ mu ún. Ẹ́ńjìnnì ló ń mu epo. Kí ni ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe?”

Ó wò mí, ó wo ọkọ̀, ó tún wò mí. “Ó dáa, dókítà. Tó bá kú, ẹ ránṣẹ́ sí mi, n ó wá bá yín gbẹ́lẹ̀.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ẹsẹ̀ yẹn. Èmi ò ní lè gbàgbé rẹ̀.

Ìyàwó mi, Ìyá Tólú, kì í pariwo. Bí inú bá bí i, ẹ̀rín ló máa ń rín, ẹ̀rín yẹn sì burú ju igbe lọ. Lọ́jọ́ tó rí i pé mo ti yọ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, mo yọ ẹ́sítírà táyà, mo yọ jáàkì, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Tólú, ọkọ̀ yìí ń jẹun ju gbogbo wa nínú ilé lọ. Mo ti bá Àlájì tó ń ra àlòkù sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa wá wò ó.”

“Ọkọ̀ bàbá mi?”

“Ọkọ̀ bàbá yín. Bàbá yín náà ò ní fẹ́ kí ẹ máa fi owó ilé-ìwé àwọn ọmọ-ọmọ wọn bu epo.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi níbi tó ti ń dùn mí. Mo bẹ̀bẹ̀, mo búra, mo ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni n ó rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó dá ìdánwò kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà. Ìyá rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n là á lójú nílé ìwòsàn, ó sì tó àkókò tí yóò padà sílé rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ. A óò bu ogún lítà epo péré sínú táǹkì tó ti gbẹ. Tí ogún lítà yẹn bá gbé Màmá délé, tó sì gbé wa padà sí Ìlaròó láìfi ẹ̀kán kan kún un, yóò sọ fún Àlájì pé kó má ṣòpò. Tó bá tán lọ́nà, ọkọ̀ ti di ti Àlájì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ fún yín, ẹ ó mọ ohun tó wà láyà mi. Àlọ àti àbọ̀ tó nǹkan bí àádọ́sàn-án kìlómítà. Bí lítà kan bá ń rin méjìlá bíi ti àtijọ́, ogún lítà á ṣe é, á tún ṣẹ́ kù. Bí lítà kan bá ń rin méje, ogóje kìlómítà la máa rìn, a ó sì jókòó sínú igbó pẹ̀lú ọgbọ̀n kìlómítà níwájú wa. Ìṣirò kì í bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n á lọ bá Ẹ̀gbọ́n Múfú lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Èmi, olùkọ́ tí ń ṣọ́ ìdánwò, ilé epo ni mo lọ. Mo purọ́ fún ọmọbìnrin ọjọ́sí pé jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé ni mo fẹ́ bu epo sí, mo ra lítà mẹ́wàá sínú kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè.

Kí ló dé tó fi jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè? Nítorí pé Màmá ti ra epo pupa tí yóò gbé lọ sílé, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè ló sì wà. Mo fi ọ̀rá dí ìdérí tèmi kí ó má baà rùn, mo sì tì í sáàárín ti Màmá nínú bùútù. Ète mi ni pé bí a bá dé Ìmẹ̀kọ, tí ìyá àti ọmọ bá wọlé lọ kí àwọn ará ilé, n ó yára dà á sí táǹkì. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kọjá Ayétòrò tó kọjú sí apá ibodè, kò sí àlàyé tó lè ṣe fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọmọdé ibí mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ojú mi ti fọ́. Ó tún ku nǹkan kan: mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi sílẹ̀ nílé. Ó wúwo jù. Mo ní iṣẹ́ ti parí lára ọkọ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?

A gbéra láàárọ̀ Sátidé. Ìyá Tólú jókòó síwájú, ojú rẹ̀ ò kúrò lára abẹ́rẹ́ tó ń fi iye epo hàn. Màmá nìkan ló jókòó sẹ́yìn. Ojú tuntun tí wọ́n là fún un yìí, inú rẹ̀ dùn sí i bí ọmọdé ṣe ń dunnú sí bàtà Kérésì. Kò sí nǹkan tí kò kà lọ́nà. Ó ka ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sójú títì ní Ìbéṣè, ó ka ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tó ń kọjá, ó ka iye eyín tó ṣẹ́ kù lẹ́nu bàbá kan tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ti gbogbo fèrèsé pa nítorí mo kà á pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ooru bò wá.

A ò tíì dé Ayétòrò tí Màmá fi fa imú.

“Àna mi, nǹkan kan ń jó o.”

“Iná igbó ni, Màmá. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà. Àwọn àgbẹ̀ ń sun oko.”

Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. “Abẹ́ ẹsẹ̀ mi ń gbóná.”

“Oòrùn ni, Màmá.”

“Oòrùn a máa ràn láti ìsàlẹ̀ bí?”

Ìyá Tólú rẹ́rìn-ín. Mo tẹ epo mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè nísàlẹ̀. Ọkọ̀ náà ń kérora lórí gbogbo òkè, bẹ́ẹ̀ òkè ọ̀hún ò ju èyí tí ọmọdé lè fi kẹ̀kẹ́ gùn lọ. Mo ń bú u lábẹ́lẹ̀. Mo ń bú ẹni tó ṣe fídíò. Mo bú pọ́lọ́ọ̀gì.

Nígbà tí a kọjá Ayétòrò díẹ̀, a bá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lójú ọ̀nà, wọ́n na okùn kọjá títì. Ọ̀gá kan tó ti ń hewú, tó ní pákò lẹ́nu, na ọwọ́ sí wa. Mo dúró. Ó rìn yí ọkọ̀ ká, ó fa imú, ojú rẹ̀ wá yí padà.

“Ẹ kú ìrìn o. Kí ló wà nínú bùútù?”

“Ẹrù Màmá ni, ọ̀gá. Epo pupa, gààrí, àga oníke méjì.”

“Ẹ ṣí i.”

Mo ṣí i. Ó na pákò sí àwọn kẹ́ẹ̀gì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ti Màmá ni gbogbo rẹ̀.”

Ohùn kan ti inú ọkọ̀ jáde, ó mọ́ gaara. “Mẹ́ta ni tèmi o!”

“Màmá, mẹ́rin ni.” Mo ń ṣẹ́jú sí i láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ wo ẹni tí mo ń ṣẹ́jú sí, ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là!

“Kí ló dé tí ẹ ń ṣẹ́jú, àna mi? Ṣé nǹkan bọ́ sí yín lójú ni? Mẹ́ta ni tèmi. Èmi fọwọ́ ara mi so okùn pupa mọ́ wọn lọ́rùn. Kí ọ̀gá wò ó bóyá okùn wà lọ́rùn ìkẹrin.”

Okùn ò sí lọ́rùn ìkẹrin. Ọ̀gá náà tú ọ̀rá tí mo fi dí i, ó ṣí ìdérí, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó rọra dé e padà. “Epo pupa yìí mọ́ o, bàbá. Èwo ni ẹ fi ń se ọbẹ̀ nínú ilé yín?”

“Sẹ fíní,” ni Màmá wí láti inú ọkọ̀. Nígbà tó ṣì ń ná ọjà òdìkejì ibodè ló ti kó èdè Faransé yẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó ti parí.

Ìyá Tólú sọ̀ kalẹ̀. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín. “Bàbá Tólú! Ẹ jí ìwé wọ gbọ̀ngán ìdánwò? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lé ọmọ ọlọ́mọ jáde?”

Ẹ̀rù ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù bà mí, àmọ́ kò tó ti ẹ̀rín yẹn.

Ọ̀gá ní kí n kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí iwájú jáde. Ìwé mi ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. “‘Ọjọ́rú, lítà mẹ́wàá. Ọjọ́ Ẹtì, lítà mẹ́jọ, ó ti tán. Ọjọ́ Ajé, lítà méjìlá, ó tún ti tán.’ Ta lẹ̀ ń gbé e fún?”

“Mi ò gbé e fún ẹnì kankan, ọ̀gá. Ọkọ̀ ló mu ún!”

“Ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí?”

“Òun nìkan.”

“Àbí ọkọ̀ ojú omi ni?”

Níbẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ ti gbé mi. Mo ṣẹ́ igi kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo ya àwòrán ìṣirò sórí iyẹ̀pẹ̀: ọjọ́ lápá ìsàlẹ̀, kìlómítà lápá òkè. Mo ṣàlàyé pọ́lọ́ọ̀gì. Mo ṣàlàyé àsẹ́ afẹ́fẹ́, mo fo ibi tó ti di ẹ̀kọ. Ọlọ́kadà kan tó di pákó sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ dúró láti wòran. Ọ̀gá náà fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nígbà tí mo ṣe tán, ó fi pákò tọ́ka sí ibi tí ìlà mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

“Ó ń lọ ní tààrà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ wo ló yà kúrò lọ́nà?”

Mo sọ ọjọ́ náà. Ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ó fi ìka tọ àwọn ìlà, ó dúró. Ó wò mí kí ó tó kà á. “‘Mo yí búrẹ́kì ọwọ́ le fúnra mi. Ó le dáadáa. Kò sí mẹkáníìkì tó lè ṣe é báyìí.’”

Ọ̀gá náà gba omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ ọlọ́kadà, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì wọ́n ọn sára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Ṣàà! Èéfín funfun bú jáde. Òórùn tí Màmá ti ń gbọ́ láti Ìbéṣè kún ibẹ̀.

“Bàbá,” ni ọ̀gá wí, kò tiẹ̀ pariwo, “ẹ fi búrẹ́kì lé ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti Ìlaròó dé ibí. Ó dà bí ẹni tó ń sáré tí ẹnìkan di ìbàdí rẹ̀ mú. Báwo ni kò ṣe ní jẹun? Ẹ wá gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù ka orí iná yẹn! Ṣé Màmá yìí lẹ fẹ́ sun ni?”

“Mo sọ fún un!” Màmá ti fi orí yọ jáde. “Mo ní oòrùn kì í ràn láti ìsàlẹ̀!”

Àwàdà kúrò lójú mi. Mo wo kẹ́ẹ̀gì, mo wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń rú èéfín, mo sì wo ìyá àgbà tó jókòó sáàárín méjèèjì. Èmi fúnra mi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún Màmá, tí mo mú un lọ jókòó sábẹ́ igi káṣú. Mo ní, “Ẹ má bínú.”

“Mẹkáníìkì ni bàbá tó bí mi,” ni ọ̀gá náà wí nígbà tí mo padà dé. “Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé bí ọkọ̀ bá ń jẹ epo, yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò kí o tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.”

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Múfú. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Múfú gẹ́lẹ́, láìyọ ọ̀kan.

“Ẹ mú sípánà tẹ́ẹ̀nì wá, kí n tú u.”

Mo gbé ọwọ́ lérí. Irinṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nílé mi ní Ìlaròó, nítorí kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ìyá Tólú bá mi dáhùn. “Wọ́n fi sílẹ̀ nílé, ọ̀gá. Wọ́n ní ó ń jẹ epo.” Ọlọ́kadà yẹn rẹ́rìn-ín títí pákó ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń mì. Inú àpò sòkòtò rẹ̀ ló ti yọ tẹ́ẹ̀nì jáde, ọ̀kan ṣoṣo, tó ti dógùn-ún.

Ọ̀gá náà ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó dúró kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tutù, ó ṣí ìdí búrẹ́kì náà láàárín àga méjèèjì, ó yí i sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ó ní kí n bọ́ síta. Ó fi ọwọ́ kan ti ọkọ̀, ọkọ̀ sì rìn lọ bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń wo ẹnu ohun tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ti kẹ́ẹ̀gì kò yẹ̀. Òfin ni òfin, ó ní kò ní kọjá, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó ní kí n kọ àlàyé pé mi ò gbé e lọ fún títà, kí n fọwọ́ sí i. Mo fi orí bùútù ṣe tábìlì, mo ń kọ ọ́, Ìyá Tólú dúró lẹ́yìn mi, ó ń kà á.

“Ẹ fi kún un pé ẹ kì í ṣe mẹkáníìkì.”

“Kí ni ìyẹn kàn níbẹ̀?”

“Ẹ fi kún un.”

Mo wo ọ̀gá kí ó lè gbà mí. Ó ń run pákò. “Ó kàn án,” ni ó wí. Mo fi kún un.

Ọkọ̀ tó gbé wa dé Ìmẹ̀kọ kì í ṣe ọkọ̀ tó gbé wa kúrò nílé. Kò kérora mọ́. Nígbà tí a dé ilé Màmá, ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ó sì gbé òkúta kan tó tó orí ọmọ ọwọ́ jáde wá fún mi. “Àna mi, búrẹ́kì ọwọ́ tí kì í mu epo rèé. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ yí, ẹ fi dí i lẹ́sẹ̀.” Ó fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé rẹ̀ ò tiẹ̀ bo tiwọn. Nígbà tí a fi máa padà wọ Ìlaròó, abẹ́rẹ́ ò tíì fẹnu kan ilẹ̀. Mo fa epo tó ṣẹ́ kù jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ̀n ọ́n: ó dín díẹ̀ ní lítà mẹ́ta.

Ọkọ̀ ti yege. Àmọ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú, Ìyá Tólú kò pe Àlájì, èmi náà ò sì lẹ́nu láti béèrè, ẹni tí wọ́n bá kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Àlájì dé lóòótọ́, ó ń fi ìka kan ara ọkọ̀ bàbá mi. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó ń dúró de èsì. Ìyá Tólú jáde, ó gbé nǹkan kan tó wúwo dání pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ má bínú, Àlájì. Ọkọ̀ ti yege. Awakọ̀ ló fìdí rẹmi. Àpótí irinṣẹ́ yìí la fẹ́ tà.”

Àlájì rà á. Bí mo ṣe wà níbẹ̀ tí mo ń wo irinṣẹ́ mi tó ń lọ, mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Múfú kó yẹ iṣẹ́ ọ̀gá yẹn wò. Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí. “Dókítà, ṣé ẹnu rèé àbí ẹsẹ̀?” Mo ní ẹsẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí n kọ́kọ́ yẹ ibi tí ọwọ́ mi dé kẹ́yìn wò, pàápàá ibi tí mo ti yin ara mi. Bí àgbàlagbà bá sì ní abẹ́ ẹsẹ̀ òun ń gbóná, kí n dúró. Òkúta Màmá ṣì wà nínú bùútù, ó wúwo, mi ò sì dán an wò kí n sọ pé ó ń jẹ epo.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Nígbà tí Àlájì délé tó ka irinṣẹ́ rẹ̀, ọgbọ̀n péré ló bá. Ó fóònù, ìyàwó mi sì bi mí. Mo ní bóyá wọ́n ṣì í kà ni. Tẹ́ẹ̀nì kan wà lórí fèrèsé ilé ìwẹ̀ wa, lẹ́yìn ike ọṣẹ. Mi ò fi ṣe nǹkan kan. Mo kàn máa ń wò ó ni, n ó sì máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ojú ti tì tán. Ẹ̀yin náà, ẹ má sọ fún Ìyá Tólú.